Ọnà Di Ọ̀nà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé nínú ojú ewé yìí, ẹ ti ka ti obìnrin tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti ka ti ọkùnrin tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Tèmi kéré sí ìyẹn. Ìlà kan péré ni mo fà, kò sì gùn tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn ìkà ayé, kí wọ́n má fo tèmi. Kí wọ́n kàn bá mi fi àmì sí i dáadáa.

Lẹ́tà ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi kọ pátákó, tí mo sì fi gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta àti idẹ, kí ojú tó ní kí n lọ jókòó. Bí ẹ bá ti rí pátákó "Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ" kan tó lẹ́wà débi pé àwọn èèyàn ń dúró níbẹ̀ láti wò ó, tí wọ́n sì ń tọ̀ síbẹ̀ níkẹyìn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àmì ohùn ni wọ́n fi mọ̀ mí. Àwọn yòókù á kọ ọ̀rọ̀ lórí òfìfo, láìsí àmì, ẹni tó bá kà á ni yóò fúnra rẹ̀ wá ibi tí ohùn ń lọ. Èmi kọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí òwe: "Lẹ́tà kì í ṣi àmì."

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú fún mi. Òun ló padà wá pa mí.

Èmi àti ẹnì kan tí a ń pè ní Eléèédú la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Mo ti lo ọdún méjì kó tó dé. Eléèédú la sọ ọ́ nítorí pé kò sí ògiri tí kì í fi èédú yàwòrán sí, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀gá wa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni ọ, èyí tó ní kóró nídìí.

Mo ní: "Yí i po lẹ́ẹ̀kan, má gbé ọwọ́ sókè. Kí o wá wá ibi tí kóró rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá mọ ibi tí kóró ń gbé, iṣẹ́ ò lè dójú tì í mọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, tó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa máa ń sọ pé: "Eléèédú ló lójú, ṣùgbọ́n Lẹ́tà ló lọ́wọ́." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kọ́rùn bí àmì ẹ̀yẹ. Mi ò mọ̀ pé ojú ni ayé ń wá.

Eléèédú kúrò nílé. Ó ní òun ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán. Irọ́ ni. Wọn kò gbà á. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń da ọ̀dà gbígbóná sí títì, tó ń ti ṣọ́bìrì lábẹ́ oòrùn, kó lè rí ohun tí yóò fi ra àwọ̀ tí yóò fi yàwòrán. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé: "Màmá, iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe. Ọ̀dà kì í kúrò lọ́wọ́ mi." Ìyá gbé lẹ́tà náà kiri àdúgbò. Ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri ni ìyá rò. Ọ̀dà tí a fi ń tẹ́ títì ni ọmọ ń wí. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, kò sì sí àmì tó lè yà wọ́n.

Èmi nìkan ló kọ òótọ́ sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mi ò sọ ọ́ fún ogójì ọdún. Mo fẹ́ kí ẹ yìn mí díẹ̀ níbí, nítorí ààyè ìyìn ò ní sí mọ́ níwájú.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Eléèédú di èèyàn ńlá. Wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó padà wá sílé, ilé rẹ̀ sì jìnnà sí tèmi ní òpópónà méjì. Ní gbogbo àràárọ̀ ló ń fi ọ̀pá rìn kọjá, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o!" Èmi náà á ní: "Àbúrò, káàárọ̀." Lẹ́yìn náà ni n óò wọlé lọ bínú díẹ̀ kí n tó fọ ẹnu.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú wá bá mi, obìnrin kan tó máa ń gbé fáìlì mọ́yà bí ìkókó.

"Bàbá Lẹ́tà, ìlú fẹ́ gbé ère kan kalẹ̀ ní ráńdábáòtù, fún ìyìn Eléèédú."

"Ère Eléèédú? Ṣé wọ́n á gbẹ́ imú rẹ̀ bó ṣe rí? Ṣé irin á tó ṣá?"

"Rárá, sà. Ère náà ò jọ èèyàn."

"Kí ló wá jọ?"

"Kò jọ nǹkan kan, sà. Irú tí èèyàn máa fúnra rẹ̀ wò títí táá fi rí nǹkan níbẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló rọ ọ́."

"Ó yé mi. Ẹ fẹ́ fi ohun tí kò jọ nǹkan kan yin èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín bí àwọn akọ̀wé ṣe ń rín, ètè nìkan. "Ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ ara idẹ tó máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Eléèédú ní bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ mi rèé. Ó korò lẹ́nu mi bí oògùn ibà. Èmi tí mo lọ́wọ́, mo di ẹni tí wọ́n pè láti wá kọ orúkọ ẹni tó lójú.

Mo ní: "Màá ṣe é." Ohùn mi dùn. Ohùn oníjowú máa ń dùn.

Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ère náà dé. Gbogbo wa jáde lọ wò ó. Irin kìǹbà kan ni wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Irin mìíràn tó rí ribiti bí ìkòkò wà nílẹ̀, ó jìnnà sí i díẹ̀.

Awakọ̀ kan ní: "Ẹ gbà mí o, ṣé ẹ ò já a lulẹ̀ lójú ọ̀nà ṣá?"

Ẹlòmíì ní: "Ó jọ etí ife tí ife rẹ̀ ti fọ́."

Èmi náà káwọ́ sẹ́yìn, mo fajú ro bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Mo ní: "Táyà ni. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi. Bí mo bá mọ̀ ni, ibẹ̀ kọ́ ni ǹ bá dúró sí.

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kọ fún mi kò gùn. Orúkọ Eléèédú lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀: ÀGBÀ ONÍṢẸ́ ỌNÀ, ỌMỌ ÌLÚ YÌÍ.

Mo gbé awo idẹ náà sórí tábìlì lẹ́yìn ilé. Mo gbẹ́ orúkọ. Mo gbẹ́ ÀGBÀ. Mo gbẹ́ ONÍṢẸ́. Mo gbẹ́ ỌNÀ. Gbogbo rẹ̀ mọ́ roro. Mo wá ń wo orí Ọ yẹn. Ó pá. Kò sí àmì níbẹ̀, nítorí ohùn àárín ni, ohùn àárín kì í dé fìlà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé e ní fìlà, tó fì sẹ́yìn díẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ọnà á di ọ̀nà. Àgbà oníṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé mọ̀ á di oníṣẹ́ ọ̀nà, ẹni tó ń da ọ̀dà sí títì. Ẹni méjì péré láyé ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe.

Ìyàwó mi gbé omi wá fún mi. "Kí lẹ ń wò láti àárọ̀?"

"Àyè kan ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Bàbá wọn, ẹni tó bá ń wo ibi tí kò sí nǹkan fún wákàtí mẹ́ta, nǹkan ló fẹ́ fi síbẹ̀."

Mo ní kó lọ wo ohun tó gbé kaná. Ó ní òun ò gbé nǹkan kan kaná. Irú ọjọ́ tí ọjọ́ yẹn jẹ́ nìyẹn.

Mo fi aṣọ bo idẹ náà. Mo ṣẹ́gun èṣù lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tan rédíò. Eléèédú ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní: "Bàbá, irú ọwọ́ báyìí! Ta ló kọ́ yín?"

Eléèédú bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gígùn, bí ẹni pé wọ́n bi í léèrè ẹni tó kọ́ ẹja lómi.

Mo pa rédíò náà. Mo jáde sẹ́yìn ilé. Mo ká aṣọ kúrò.

Òòlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó, kó, kó.

Mo fẹ́ etù idẹ kúrò lójú rẹ̀. Ó dára. Mi ò gbẹ́ àmì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìṣíṣọ lójú ère náà pé. Ojú títì kún. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ìlú dúró yíká pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti aṣọ pupa tó ń tàn, nítorí àwọn ni wọ́n gbá ibẹ̀ tí wọ́n sì ń dá ọkọ̀ dúró. Ìyá Ṣọ́bìrì ni olórí wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró láìsí ọwọ́. Eléèédú jókòó níwájú. Ó fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó tì mí."

Mo jókòó tì í. Ẹ fojú inú wo irú ẹni tí mo jẹ́.

Wọ́n ká aṣọ kúrò. Akọ̀wé mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ara idẹ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àgbà... oníṣẹ́..." Ó sún mọ́ ọn. "Ọ̀... ọ̀nà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ẹ̀rín ti gba ráńdábáòtù kan.

Ìyá Ṣọ́bìrì fi ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀. "Ẹ tún un kà!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó jọ pé—"

"Mo ní ẹ tún un kà! Oníṣẹ́ ọ̀nà! Àwa nìyẹn! Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbá títì ìlú yìí, ẹnikẹ́ni ò gbé òkúta kalẹ̀ fún wa rí! Ẹ̀yin ará, wọ́n rántí wa!"

Àwọn èèyàn rẹ̀ hó. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Òógùn bo akọ̀wé.

Ó ní: "Àṣìṣe ni. Irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ló yọ̀. Àbí irin kọ́ ló yọ̀, Bàbá Lẹ́tà?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ bá mi wo ibi tí mo há sí. Bí mo bá ní irin yọ̀, ogójì ọdún tí mo fi ṣe ẹni tí kì í ṣi àmì wọgbó. Bí mo bá ní kò yọ̀, ìkà ni mí. Mo la ẹnu.

Ohùn kan sì dáhùn láàárín èrò: "Lẹ́tà kì í ṣi àmì."

Mo mọ ohùn náà. Inú ilé mi ló ń gbé.

Eléèédú dìde. Ó rìn lọ síbi idẹ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kékeré yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe òótọ́. Lẹ́tà kì í ṣi àmì. Èmi ni mo ní kó fi í síbẹ̀."

Ìyá Ṣọ́bìrì ní: "Hẹ̀n-ẹ́n!"

"Kí n tó di oníṣẹ́ ọnà, oníṣẹ́ ọ̀nà ni mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi da ọ̀dà sí títì. Ọ̀dà ni mo sọ fún Màmá mi pé mò ń ṣe, mi ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n mo fi pa mọ́ fún yín títí dòní. Màmá ti lọ sinmi, kò lè nà mí mọ́."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà gbé e sókè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Akọ̀wé ń nu ojú. Ẹnì kan tiẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá Lẹ́tà."

Mo fi ìlà kan ti ọkùnrin yẹn ṣubú, ó sì dìde pẹ̀lú ìyìn méjì. Ó tú àṣírí ara rẹ̀ láti fi bo tèmi. Kí n sọ òótọ́ fún yín? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìtìjú. Mo ní nínú ara mi pé: ẹ wò ó, ìdáríjì pàápàá, ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Àṣé kò tíì dárí jì mí.

Ó bá mi nínú yàrá kékeré ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí wọ́n ń to àga sí. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọ. Kì í ṣe yín. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, kò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, àní lọ́jọ́ tí mo ní àwòrán rẹ̀ jọ ibi tí òjò ti jò sí.

"Àbúrò, irin ló—"

"Má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ búra èké. Mo fọwọ́ kàn án. Ó jinlẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin tó yọ̀ kì í gbẹ́ báyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ tó dáa ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Mo ní: "Inú ló ń bí mi. Ọ̀gá wa ní èmi ni mo lọ́wọ́."

"Ta ló bá ọ jiyàn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àga tí wọ́n ti tò.

"Ṣé o tiẹ̀ ti wo ère yẹn?"

"Mo ti rí i."

"Níbo lo dúró sí?"

"Lójú títì. Níbi tí gbogbo èèyàn dúró sí."

"Wọ́n bi mí lórí rédíò pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ kúnlẹ̀ níwájú ère náà. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo ti pa rédíò nígbà yẹn."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri tí òjò ti ba kíkùn rẹ̀ jẹ́. "Lọ kúnlẹ̀," ló wí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ohun tí a fi ń dí ojú idẹ, mo gbọ̀nà ráńdábáòtù. Ohun tí mo ń bá lọ ni kí n dí àmì náà, kó dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Idẹ náà wà nísàlẹ̀, nítorí náà mo ní láti kúnlẹ̀. Eékún mi ké. Mo gbé ojú sókè láti fi èébú ránṣẹ́ sí táyà.

Táyà ti lọ.

Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, irin tó tẹ̀ yẹn ti pàdé ara rẹ̀, ó yí po láìsí ibi tí ọwọ́ ti gbé sókè. Irin ribiti yẹn ti wá sábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, ní ibi tí kóró ń gbé. Ọ ni. Ó dúró lójú ọ̀run gbalaja, orí rẹ̀ pá, kò dé fìlà.

Èmi tí mo ti kọ ọ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún nínú ayé mi, èmi ni mo pè é ní táyà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi ń fọn fèrè sí mi.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe sí àmì wa?"

Ìyá Ṣọ́bìrì ló dúró sórí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fi í sápò.

"Mò... mò ń nù ún ni."

"Ẹ ṣeun gan-an! Eruku máa ń bò ó. Ẹ máa wá nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà. Àwa á máa gbá ilẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa nu àmì."

Báyìí ni mo ṣe gba iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ Ajé, mo ń kúnlẹ̀, mo ń fi aṣọ nu ìkà tí mo ṣe kó lè máa dán.

Eléèédú ṣì ń fi ọ̀pá rìn kọjá. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó dúró díẹ̀, ó ní: "O kúṣẹ́ o." Ó kọjá. Ní ìkejì: "O kúṣẹ́ o." Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ń kí mi bẹ́ẹ̀, mo sì ń dáhùn, mi ò gbé orí sókè.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ti ń retí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀, kó, kó, kó, lórí ọ̀dà. Ó dúró.

Ó ní: "Ẹ kúṣẹ́ o."

Mo yíjú. Ó ti ń lọ.

Mo sáré délé sọ fún ìyàwó mi. Ó ní: "Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀?"

Kì í ṣe èmi nìkan. Ìyá Ṣọ́bìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn méje mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹ sì mọ èdè wa: "ẹ" tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ náà la fi ń kí èèyàn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni, èmi tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà kò sì rí àmì kankan tí mo lè fi yà wọ́n.

Ìyàwó mi ní kí n lọ bi í.

Mi ò bi í. Ọjọ́ Ajé mìíràn ń bọ̀. Mo ti bẹ àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbá ìhà kejì.